Máàkì fún Ìfun Eku: Ohun Tí Oníṣòwò Mile 12 Ti Mọ̀ Tẹ́lẹ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ọkọ̀ tòmátì ti máa ń já ẹrù ní ọjà Mile 12 ní Èkó. Láti Kánò, láti Kàdúná, láti Jos àti àwọn ìlú Òkè Ọya mìíràn ni wọ́n ti ń kó o bọ̀, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀. Ìyá tó fẹ́ rà á lọ tà ní Ìkòsì tàbí ní Kétu kò ní wo ojú apẹ̀rẹ̀ nìkan kó sanwó, torí ojú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń to èyí tó dára sí. Yóò ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá gbà fún un, yóò ní kí wọ́n dà á sílẹ̀. Nígbà náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á: èyí tó le, tó lè dúró di ọ̀túnla, èyí tó ti pọ́n, tó gbọ́dọ̀ tà lónìí, èyí tó ti rọ̀ lápá kan, àti ẹ̀ṣà, tí àwọn tó fẹ́ fi owó díẹ̀ se ọbẹ̀ ń dúró dè.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ojú ìyá yìí ń ṣe. Ìbéèrè mẹ́ta ló ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà láìlanu. Èyí tó bàjẹ́, báwo ló ṣe bàjẹ́ tó? Ṣé awọ ara rẹ̀ nìkan ni, àbí ó ti wọnú dé ibi kóró? Nínú gbogbo apẹ̀rẹ̀, ìdá mélòó ló ti lọ? Ìbéèrè kẹta yìí ni ẹni tí kò mọ ọjà máa ń gbàgbé. Á rí tòmátì kan tó rà, á ní gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Tàbí á rí mẹ́wàá tó ń dán lókè, á sì kówó sílẹ̀. Mo fẹ́ kí a mú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání lọ sí ibi tó jìnnà sí ọjà, sínú yàrá ìwádìí, níbi tí ẹnìkan ti jókòó síwájú máíkírósíkóòpù, tó ń fún ìfun eku ní máàkì.

Kí ló kan ará Kòsọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Mile 12 àti Kétu wà, nínú ìfun eku? Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Kétu ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ìyá alágbo ti jókòó, ìgò ti tò, agbo jẹ̀díjẹ̀dí sì wà lára èyí tí àwọn èèyàn ń béèrè jù. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó ń polówó oògùn á ti dìde kí ọkọ̀ tó kúrò, á ní èyí tí òun mú dání ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo inú rírun, ó ń wo ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ó ń pa egbò inú ìfun rẹ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ alágbo, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣe ń mọ̀ pé egbò inú ìfun ti san? Ojú lásán kò dé ibẹ̀. Inú tó dákẹ́ lónìí lè tún bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ẹ̀jẹ̀ tó dáwọ́ dúró kò sì túmọ̀ sí pé egbò ti di.

Nínú àwọn ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wá sínú ìgbẹ́, àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní ulcerative colitis. Awọ inú ìfun ńlá á máa pọ́n, á wú, á ta egbò, á sì máa ṣẹ̀jẹ̀, láìjẹ́ pé kòkòrò kan pàtó ni èèyàn kó. Ó ń rọlẹ̀, ó sì tún ń padà dé, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń sọ pé kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 2011 àwọn dókítà ní Zaria gbé ìwádìí kan jáde tí àkọlé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń béèrè bóyá irú àìsàn ìfun yìí ṣì ṣọ̀wọ́n lára àwọn ọmọ Nàìjíríà lóòótọ́. Èrò tèmi ni pé orúkọ méjì tó wà lẹ́nu wa, jẹ̀díjẹ̀dí àti ìgbẹ́ ọ̀rìn, ti gbé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àìsàn yìí mì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè wo inú ìfun wọn.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Farombi ti ẹ̀ka Biochemistry àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún béèrè irú ìbéèrè yìí lọ́wọ́ àwọn ohun tí àwa náà mọ̀ dáadáa. Wọ́n mú orógbó, èyí tí a fi ń ṣàdúrà fún ọmọ tuntun àti fún ìyàwó, wọ́n lo èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kolaviron, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2013 pé ó dín wíwú ìfun kù lára eku ńlá. Ní 2015 wọ́n tún gbé ti atalẹ̀ jáde, jínjà tí ó máa ń ti apá gúúsù Kàdúná wọ Mile 12. Èròjà inú rẹ̀ tó ń jẹ́ 6-gingerol ni wọ́n fún àwọn eku kékeré tí ìfun wọn ń ṣàìsàn. Àwọn eku tó gbà á kò rù bíi ti àwọn yòókù, ìgbẹ́ gbuuru àti ẹ̀jẹ̀ wọn dínkù, ìfun wọn kò sì súnkì tó ti àwọn tí kò rí nǹkan kan gbà. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, pé orógbó àti jínjà wa wọ ibi tí wọ́n ti ń bi oògùn léèrè pé kó fi ẹ̀rí hàn.

Kí wọ́n tó mọ̀ bóyá nǹkan ń wo ìfun sàn, ìfun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàìsàn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é jù lónìí wá láti Jàpáànì. Ní 1990, Isao Okayasu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá po èròjà kan tó ń jẹ́ dextran sulfate sodium, DSS ní ìkékúrú, mọ́ omi tí eku ń mu, ìfun ńlá rẹ̀ yóò wú, yóò sì ta egbò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Omi mímu lásán ni, kò gba abẹ́rẹ́, kò sì gba iṣẹ́ abẹ. Ní ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí, gíráàmù 2 sí 5 nínú mílílítà 100 omi ni wọ́n ń pò, fún ọjọ́ 5 sí 7. DSS á ba awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo inú ìfun jẹ́. Awọ yìí ni ààlà láàárín ara eku àti àìmọye bakitéríà tó ń gbé inú ìgbẹ́. Nígbà tí ààlà bá ti ya, bakitéríà á ráyè wọlé, ara á rán sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá wọn jà, ìjà yẹn gan-an ló sì ń mú ìfun wú, tó ń mú un pọ́n, tó tún ń ba èyí tó kù jẹ́.

Nígbà tí eku ṣì wà láàyè ni wọ́n ti ń fún un ní máàkì àkọ́kọ́. Lójoojúmọ́ wọ́n ń gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n ń wo bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gba máàkì láti 0 dé 4. Ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú apẹ̀rẹ̀ nìkan nìyẹn. Eku lè má fi bẹ́ẹ̀ rù, kí inú ìfun rẹ̀ sì ti fọ́.

Nígbà tí iye ọjọ́ bá pé, wọ́n á pa eku náà lọ́nà tí kò ní jẹ́ kó jẹ̀rora, wọ́n á yọ ìfun ńlá rẹ̀, wọ́n á fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ti eku kékeré tó dá ṣáṣá máa ń gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 9. Ti èyí tó ń ṣàìsàn á kúrú, á sì nípọn. Wọ́n á fọ ìgbẹ́ inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á là á gbọọrọ, wọ́n á wá ká a mọ́ra láti ìkángun kan dé ìkejì, kí gbogbo ìfun lè wà lójú kan lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Moolenbeek àti Ruitenberg ló kọ̀wé nípa ọ̀nà kíká yìí ní 1981. Ohun tí ìyá tòmátì ń bẹ̀bẹ̀ fún náà nìyẹn: ẹ dà á sílẹ̀ kí n rí gbogbo rẹ̀. Nítorí DSS kì í ba ìfun jẹ́ dọ́gba. Apá ìsàlẹ̀, tó súnmọ́ ihò ìdí, ló máa ń fọ́ jù. Apá òkè lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbàwọ́n. Ẹni tó bá gé bíńtín láti òkè yóò sọ pé oògùn ti ṣiṣẹ́, ẹni tó gé tirẹ̀ láti ìsàlẹ̀ yóò ní kò ṣiṣẹ́ rárá, ìfun eku kan náà ni àwọn méjèèjì sì gé.

Fọ́málíìnì ni wọ́n ń rẹ ìfun náà sí kó má bàa jẹrà. Lẹ́yìn èyí, ọtí líle á fa omi inú rẹ̀ gbẹ, ìda tó ti yọ́ á wọnú rẹ̀, á sì le. Ẹ̀rọ kan tí abẹ rẹ̀ mú gan-an á wá máa rẹ́ ẹ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ìrẹ́ kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi to nǹkan bíi 200 léra kó tó nípọn tó mílímítà kan. Kò ní àwọ̀ kankan, nítorí náà wọ́n á pa á láró méjì: hematoxylin, tó wá láti inú igi kan tó ń hù ní Mẹ́síkò àti àgbègbè rẹ̀, ń sọ kóró inú sẹ́ẹ̀lì di aláwọ̀ aró, eosin ń sọ ìyókù di pupa fẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ohun tó wà lórí gíláàsì yẹn, torí ìfun tó dá ṣáṣá lẹ́wà. Ògiri ìfun ńlá kì í ṣe pẹrẹsẹ. Àwọn kòtò tóóró ló kún un, wọ́n dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gíga wọn dọ́gba, ìdí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó bo ẹ̀gbẹ́ kòtò kọ̀ọ̀kan tò ní ìlà ẹyọ kan. Láàárín wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì roboto kan wà tí ikùn wọn mọ́lẹ̀ ju ti àwọn yòókù: àwọn ni wọ́n ń ṣe ohun yíyọ̀ tó ń bo ojú ìfun, tí kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ àti bakitéríà fara kan awọ. Láti ìdí kòtò ni sẹ́ẹ̀lì tuntun ti ń jáde, tí wọ́n ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ láti rọ́pò àwọn tó ti gbó. Láàárín kòtò sí kòtò, àmì aláwọ̀ aró díẹ̀ ló wà, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣọ́ ilé.

Bí àìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì roboto yẹn ló tètè máa ń tán. Àmì aláwọ̀ aró á wá pọ̀ sí i láàárín àwọn kòtò, títí tí ibẹ̀ yóò fi ṣú. Kòtò á bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìdí sọnù, èyí tó kù á kúrú, á wọ́, á fẹ̀ síra wọn; inú àwọn mìíràn á kún fún sẹ́ẹ̀lì funfun tó ti kú. Omi á kó sí abẹ́ awọ, yóò wú. Nígbà tó bá burú tán, kò ní sí kòtò mọ́, awọ ojú á ṣí kúrò, ohun tó kù ni egbò, àmì aláwọ̀ aró yóò sì ti gba inú ògiri kọjá dé ibi iṣan.

Ojú ti rí gbogbo èyí; báwo ló ṣe máa di nọ́ńbà? Ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé ni èyí tí Dieleman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1998, ìbéèrè mẹ́ta ọjà Mile 12 sì wà nínú rẹ̀ kedere. Wíwú ń gba 0 dé 3, bó bá ṣe pọ̀ sí. Jíjìn náà ń gba 0 dé 3: 1 bí ó bá mọ sí awọ ojú, 2 bí ó bá dé ìpele tó tẹ̀lé e, 3 bí ó bá gba inú ògiri kọjá. Kòtò ní tirẹ̀ ń gba 0 dé 4: bí ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìdí bá ti lọ, 1 ni, bí ìdá méjì bá ti lọ, 2, bí ó bá ku awọ òkè nìkan, 3, bí kò bá ku nǹkan kan, 4. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá béèrè pé nínú gbogbo ìfun yìí, ìdá mélòó ló rí báyìí? Bí kò bá ju ìdá 25 nínú 100 lọ, 1 ni ìsọdipúpọ̀. 26 dé 50 jẹ́ 2. 51 dé 75 jẹ́ 3. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, 4.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ìfun kan gba 2 fún wíwú, 1 fún jíjìn, 3 fún kòtò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6. Bí ìdá 40 nínú 100 ìfun bá rí bẹ́ẹ̀, 6 lọ́nà 2 jẹ́ 12. Bí ó bá jẹ́ ìdá 80, 6 lọ́nà 4 jẹ́ 24. Egbò kan náà ni, jíjìn kan náà, síbẹ̀ máàkì kejì jẹ́ ìlọ́po méjì èkíní, nítorí wọ́n rántí béèrè bí apẹ̀rẹ̀ ṣe bàjẹ́ tó. Ọ̀nà yìí tún ní apá kan fún bí egbò ṣe ń jinná; níbi tí wọn kò bá ka apá yẹn mọ́ ọn, 40 ni máàkì tó ga jù.

Mo ti dé ibi tó ká mi lára jù báyìí. Ẹni tó ń fún ìfun ní máàkì kò gbọdọ̀ mọ eku tó mu oògùn àti èyí tí kò mu. Ààlà láàárín 2 àti 3 kò le bí òkúta. Ojú tó ti fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ lórí orógbó, tó sì ń retí pé kó ṣiṣẹ́, á rí 2 níbi tí àlejò yóò ti rí 3, kò sì ní mọ̀ pé òun ń ṣègbè. Èrú kọ́ nìyẹn. Bí ìrètí ṣe ń darí ojú ni. Ìdí nìyí tí ìyá tó ń ra tòmátì kì í fi jẹ́ kí ẹni tó ni apẹ̀rẹ̀ bá òun ṣà á. Nínú yàrá ìwádìí, ẹlòmíràn ló ń kọ nọ́ńbà sára gíláàsì, tí yóò sì tọ́jú ìwé tó ń sọ eku tó ni nọ́ńbà wo, títí gbogbo máàkì yóò fi parí.

Kódà ojú kan ṣoṣo kò tó. Ó dára kí ẹni méjì ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n wá fi máàkì wọn wé ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni méjì tó ń fọ́jú méfò pàápàá lè bá ara wọn mu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Jacob Cohen ti Amẹ́ríkà rí i bẹ́ẹ̀, ní 1960 ó sì gbé ìṣirò kan jáde tó ń jẹ́ kappa, tó ń yọ ìbáramu orí-ire kúrò kó tó sọ bí ìbáramu tòótọ́ ṣe tó: 1 túmọ̀ sí pé wọ́n fohùn ṣọ̀kan pátápátá, 0 túmọ̀ sí pé kò sàn ju méfò lọ. Ìṣòro mìíràn ni pé òṣùwọ̀n yàrá kan kì í ṣe ti òmíràn, 6 níbí lè má jẹ́ 6 lọ́hùn-ún. Ní 2014 Erben àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berlin, ní Jámánì, kọ ìtọ́sọ́nà kan láti mú kí àwọn olùwádìí máa sọ èdè kan náà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo bá ń ka ìwádìí lórí egbòogi wa, ibi tí mo kọ́kọ́ ń wá ni ibi tí wọ́n ti sọ ẹni tó fún ìfun ní máàkì, àti bóyá wọ́n bò ó lójú. Bí n kò bá rí i, mi ò ní gbé èsì náà lé orí ẹnikẹ́ni tó ń ṣàìsàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn eku fúnra wọn náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń jẹ̀rora, a kò gbọdọ̀ sọ pé wọn kò jẹ̀rora. Láti 1959 tí Russell àti Burch ti kọ ìwé wọn lórí lílo ẹranko fún ìwádìí ni àwọn olùwádìí ti ní ìlànà mẹ́ta láti máa tẹ̀lé: bí ọ̀nà mìíràn bá wà tí kò gba ẹranko, ẹ lò ó, bí kò bá sí, ẹ lo ìwọ̀nba ẹranko, ẹ sì dín ìrora wọn kù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, eku tó bá ti pàdánù ìdá 20 nínú 100 ìwúwo rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ dúró lórí rẹ̀. Eku kékeré tó wúwo tó gíráàmù 25 kò ní ju gíráàmù 5 lọ láti pàdánù kó tó débẹ̀. Ìfúnni-ní-máàkì tó péye wà lára àánú yìí: bí ojú tó ń wò ó bá ń ṣe ségesège, eku tí wọ́n máa pa kí òótọ́ tó hàn yóò pọ̀ sí i.

Ẹ má sì tìtorí ohun tí mo kọ lókè yìí lọ máa rún orógbó tàbí jínjà láti fi wo ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Èròjà tí wọ́n yọ sọ́tọ̀, tí wọ́n wọ̀n, ni wọ́n fún eku; kì í ṣe ohun tí ẹnu lásán ń jẹ. DSS ń dá ọgbẹ́ sínú ìfun láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí àìsàn ti ènìyàn ń gba ọdún, ó sì ní ohun púpọ̀ nínú tí DSS kò ní. Èsì lára eku ń sọ pé ó tọ́ ká wádìí síwájú sí i, kò ì tíì sọ pé ká mu ún.

Lára ènìyàn náà, irú ojú yìí kan náà ni wọ́n ń lò. Ní 1956 Truelove àti Richards ní Oxford tẹ èsì jáde lórí àwọn bíńtín ẹran tí wọ́n gé láti inú ìfun àwọn aláìsàn, wọ́n sì rí i pé ẹni tí ara rẹ̀ ti yá lójú dókítà ṣì lè ní ìfun tó wú lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Láti ìgbà náà òṣùwọ̀n ti ń tẹ̀lé òṣùwọ̀n: ti Geboes jáde ní 2000, èyí tí wọ́n ń pè ní Nancy, láti 0 dé 4, jáde ní 2017. Nítorí náà, ẹni tó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ ní Kétu tàbí ní Ìkòsì, tí agbo kò sì dá a dúró, ilé ìwòsàn ńlá bíi LASUTH ní Ìkejà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà ló yẹ kó forí lé. Wọ́n á kọ́kọ́ wádìí bóyá kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, bóyá jẹ̀díjẹ̀dí ni, tàbí jẹjẹrẹ. Bí ó bá yẹ, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà wo inú ìfun rẹ̀, wọ́n á sì gé bíńtín láti ibi púpọ̀, títí kan ibi tí ojú rẹ̀ dára. Kó sọ gbogbo agbo tó ti mu fún dókítà, kó sì sọ oògùn ìrora tó ń lò fún ẹ̀yìn tàbí orúnkún, torí àwọn kan nínú wọn, bíi diclofenac àti ibuprofen, lè dá egbò sínú ìfun fúnra wọn.